Orí Keje: Súwíìṣì Inú Ètò Iná Alágbára Gíga

Ẹni tó bá wọ ibùdó iná 330 kV, yálà ti Òṣogbo, ti Ayédé ní Ìbàdàn, tàbí ti Ìkẹjà Wẹ́ẹ̀sì ní Èkó, yóò rí i pé láàárín wáyà tó ń gbé iná bọ̀ láti òkèèrè àti tàràǹsífọ́mà tó ń gbà á, ohun èlò púpọ̀ ló tò tẹ̀ léra tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n ṣí, kí wọ́n sì padé lọ. Lójú ẹni tí kò kọ́ṣẹ́, súwíìṣì ni gbogbo wọn. Àkọlé tí ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n lẹ̀ mọ́ wọn lára kò sì fi bẹ́ẹ̀ ran irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́: méjì nínú wọn lè jọ ru nọ́ńbà kan náà, 362 kV gẹ́gẹ́ bí fóltéèjì tí ara wọn lè gbà, 2,000 áńpíà gẹ́gẹ́ bí ìṣàn iná tó lè máa gba inú wọn kọjá tọ̀sán-tòru. Síbẹ̀, bí òṣìṣẹ́ bá ṣí ọ̀kan nígbà tí lóòdù wà lórí wáyà, iná yóò já, kò sí ìjàǹbá. Bó bá ṣí èkejì, iná ńlá yóò nà láti ẹnu kan sí èkejì, yóò máa gùn bí ẹnu méjèèjì ṣe ń jìnnà síra, yóò sì lè ta mọ́ irin tó wà nítòsí kí ó tó kú. Súwíìṣì náà yóò yọ́, òṣìṣẹ́ náà lè má yè é.

Kí ni ìyàtọ̀? Ohun tí orí yìí fẹ́ fi hàn ni pé a kò gbọdọ̀ fi fóltéèjì tàbí áńpíà ara àkọlé nìkan pín súwíìṣì sí oríṣiríṣi. Ohun tó pín wọn ni ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣe ní ìwọ̀nba àkókò kékeré tí ẹnu rẹ̀ ń yà nígbà tí iná ṣì ń ṣàn. Bí a bá di èyí mú, ìdí tí a fi ń to súwíìṣì lẹ́sẹẹsẹ, ìdí tí ẹnikẹ́ni kò fi gbọdọ̀ ṣí wọn láìtẹ̀lé ètò, àti ìdí tí èyí tó bá 11 kV mu kò fi bá 330 kV mu, gbogbo rẹ̀ yóò yé wa láti orísun kan ṣoṣo. Ní gbogbo orí yìí, bí a bá ní súwíìṣì ṣí, ẹnu rẹ̀ ti yà, iná kò sì yẹ kó gba ibẹ̀ kọjá. Bí a bá ní ó padé, ẹnu rẹ̀ ti pàdé, iná ń kọjá.

Nígbà tí ẹnu súwíìṣì bá ń yà

Ní ìṣẹ́jú àáyá tí irin méjì tó ń gbé iná bá bẹ̀rẹ̀ sí í ya ara wọn, ibi kékeré kan ló máa ń ṣẹ́ kù tí wọ́n ti ń fara kanra. Gbogbo ìṣàn iná á wá fún ara rẹ̀ pọ̀ sí ojú kan yẹn. Ibẹ̀ á gbóná, á yọ́, á di oruku irin, ìyẹn irin tó ti di bí gáàsì. Oruku yìí àti afẹ́fẹ́ tó yí i ká á tú ẹlẹ́ktrọ́ọ̀nù sílẹ̀, wọn á sì di ohun tó ń gbé iná fúnra rẹ̀. Èyí ni à ń pè ní ààkì. Ooru inú rẹ̀ ju 10,000 dígírì lọ. Ojú oòrùn fúnra rẹ̀ kò ju nǹkan bí 5,500 dígírì lọ. Ohun tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi sọ́kàn jù ni pé bí ààkì bá ṣì wà, súwíìṣì kò tíì ṣí. Ojú lè rí i pé ẹnu méjèèjì ti jìnnà síra, ṣùgbọ́n ní ti iná, wáyà kan ló ṣì wà láàárín wọn.

Kí ló dé tí iná kò fi kú lẹ́ẹ̀kan náà? Nítorí pé ìṣàn iná inú ètò ńlá kì í fẹ́ dúró lójijì. Jẹnẹrétọ̀, tàràǹsífọ́mà àti wáyà gígùn ń tọ́jú agbára sínú òòfà tó yí wọn ká, agbára yìí sì gbọ́dọ̀ ríbi lọ, gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń sáré lórí ìdàgẹ̀rẹ̀ kò ti lè dúró ní ojú kan náà tí awakọ̀ tẹ bíréèkì. Bí ẹnikẹ́ni bá gbìyànjú láti fi ipá gé ìṣàn náà nígbà tó wà ní òkè téńté, fóltéèjì tó máa jáde yóò ga tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi tún ààkì dá, tàbí kó fọ́ ohun adènà iná níbòmíràn.

Ohun tó gbà wá ni pé iná tí à ń lò jẹ́ iná AC. Ní Nàìjíríà, ní Benin àti Togo, iná ń yí ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìṣàn rẹ̀ sì ń bọ́ sí òdo ní ìgbà 100 láàárín àkókò kan náà. Lẹ́yìn ìdá ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ààkì fúnra rẹ̀ máa ń kú. Ìṣòro wa kì í ṣe bí a ó ṣe pa á, bí kò ṣe bí a ó ṣe dènà kó má jí. Ní kété tí ìṣàn bá ti bọ́ sí òdo, eré ìje méjì á bẹ̀rẹ̀: fóltéèjì ètò ń gòkè láàárín ẹnu méjèèjì, àyè tó wà láàárín wọn náà sì ń tutù, ó ń padà di ohun adènà. Bí àyè náà bá tètè le ju bí fóltéèjì ṣe ń gòkè lọ, iná ti já nìyẹn. Bí fóltéèjì bá ṣíwájú, ààkì á tún gbiná, a ó sì dúró de òdo mìíràn. Gbogbo ọgbọ́n àwọn tó ń ṣe súwíìṣì alágbára gíga láti ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, inú eré ìje yìí ni wọ́n ná an sí.

Áísólétọ̀: àyè tí ojú lè rí

Áísólétọ̀ kò kópa nínú eré ìje yẹn rárá. Apá irin méjì tó dúró lórí òpó tánganran ni, nínú afẹ́fẹ́ gbangba. Ọwọ́ tàbí mọ́tò ló ń yí i, ó sì máa ń gba ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kí ó tó ṣí tán. Kò sí ohun tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ààkì rẹ̀, kò sí ohun tó ń tù ú lójú. Ohun tí a ṣe é fún ni pé kó gbé iná kọjá dáadáa nígbà tó bá padé, kó sì fi àyè sílẹ̀ tí kò sí ẹni tó lè ṣiyèméjì rẹ̀ nígbà tó bá ṣí.

Àyè náà kì í ṣe kékeré. Lórí ètò 330 kV, fóltéèjì láàárín wáyà kan àti ilẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 191 kV, góńgó rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 269 kV. Afẹ́fẹ́ tó gbẹ, láàárín irin méjì tí ojú wọn tẹ́jú tó sì dọ́gba, lè gbà tó 3 kV lórí mìlímítà kan. Bí a bá fi èyí ṣe ìṣirò, sẹ̀ǹtímítà mẹ́sàn-án péré ló yẹ kó tó. Síbẹ̀ àyè áísólétọ̀ 330 kV ń lọ sí nǹkan bí mítà mẹ́ta. Ìdí rẹ̀ pọ̀. Ojú irin ibùdó iná kò tẹ́jú, igun àti etí rẹ̀ ń fa iná pọ̀ sójú kan. Òjò ń rọ̀ sórí tánganran, eruku ọyẹ́ ń bò ó. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, bí àrá bá sán lu wáyà, fóltéèjì lè ju 1,000 kV lọ fún ìwọ̀nba àkókò kékeré, ó sì lè jẹ́ pé àkókò yẹn gan-an ni òṣìṣẹ́ gbé ọwọ́ lé wáyà tó wà ní òdìkejì. A kò wọn àyè áísólétọ̀ sí iná ojoojúmọ́. Ọjọ́ tó burú jù ni a wọ̀n ọ́n sí, nítorí pé ẹ̀mí ènìyàn ló gbé lé e.

Ẹnìkan lè bi mí pé: ṣé áísólétọ̀ kò wá lè gé iná kankan ni? Ó lè gé díẹ̀, ìdáhùn ìbéèrè yìí ló sì fi ìdí ọ̀rọ̀ orí yìí múlẹ̀ jù. Ó lè gé ìṣàn kékeré tó ń wọ bọ́ọ̀sìbáà (ọ̀pá irin tí àwọn wáyà ibùdó ń para pọ̀ sí) tí kò ní lóòdù, èyí tí kò tó áńpíà kan. Ṣùgbọ́n ní ibùdó tó ní bọ́ọ̀sìbáà méjì, òfin tí IEC, àjọ àgbáyé tó ń ṣe òfin ohun èlò iná, ṣe fún áísólétọ̀, 62271-102, gbà á láyè láti gbé lóòdù kúrò lórí bọ́ọ̀sìbáà kan bọ́ sí èkejì, ìṣàn náà sì lè tó 1,600 áńpíà. Kí ló dé tí ohun tí kò lè gé 10 áńpíà lórí wáyà tó dá dúró fi lè gé 1,600 áńpíà níhìn-ín? Nítorí pé kí ẹnu rẹ̀ tó yà, áísólétọ̀ kejì ti padé, iná ti rí ọ̀nà mìíràn gbà. Fóltéèjì tó bọ́ sáàárín ẹnu tó ń yà kò ju ọgọ́rùn-ún fólítì mélòó kan lọ, ààkì kò sì rí ohun tí yóò fi gbé ara rẹ̀ ró. Áńpíà nìkan kò sọ ohunkóhun fún wa. Ohun tí fóltéèjì yóò ṣe lẹ́yìn òdo ló sọ gbogbo rẹ̀.

Bírékà àti ohun tó ń pa ààkì nínú rẹ̀

Bírékà ni a kọ́ fún eré ìje náà. Ẹnu rẹ̀ wà nínú yàrá tó dé pátápátá, sípíríǹgì tó ti ká sílẹ̀ ló sì sábà ń fà á yà. Lórí 330 kV, láti ìgbà tí riléè, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ìjàǹbá lórí wáyà, bá ti pàṣẹ títí ààkì yóò fi kú, àkókò náà kì í ju ìyípo méjì tàbí mẹ́ta lọ, ìyẹn ìdá 40 sí 60 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Lóòdù ojoojúmọ́ kò tó nǹkan lójú rẹ̀. Ṣọ́ọ̀tì ló ń dúró dè: nígbà tí wáyà bá já sílẹ̀ tàbí tí igi bá wó lù ú, ìṣàn lè fò láti 1,000 áńpíà sí 30,000 tàbí 40,000. Bírékà tí wọ́n kọ 40 kA sí lára gbọ́dọ̀ lè gé iye yẹn. Bó bá sì ṣẹlẹ̀ pé ṣọ́ọ̀tì ti wà nílẹ̀ kí ó tó padé, ó gbọ́dọ̀ lè padé tán lójú góńgó ìṣàn tó tó 100 kA láìjẹ́ kí ipá òòfà tó ń ti ẹnu rẹ̀ sẹ́yìn borí rẹ̀. Àwọn tí kò mọṣẹ́ máa ń gbàgbé iṣẹ́ pípadé yìí, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ń fọ́ súwíìṣì tí kò lágbára. Lẹ́yìn ìyẹn, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìjàǹbá orí wáyà ìta gbangba, bíi ti àrá, máa ń lọ fúnra rẹ̀, a ń retí pé kí bírékà ṣí, kó padé lẹ́yìn ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, kó sì tún ṣí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bí ìjàǹbá náà kò bá tíì lọ.

Ohun tí a fi kún inú yàrá bírékà ló ń sọ irú èyí tó jẹ́. Epo ni wọ́n kọ́kọ́ lò. Ooru ààkì ń tú epo sí gáàsì, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì jẹ́ haidirojín, tó ń gbé ooru lọ kíákíá ju ọ̀pọ̀ gáàsì lọ. Ohun tó ń jóná ni a fi ń pa iná: ọgbọ́n ńlá ni, ó sì ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n haidirojín tó bá pàdé afẹ́fẹ́ lè bú gbàù, epo tó sì ti gé ṣọ́ọ̀tì lẹ́ẹ̀mélòó kan á dúdú fún èédú, ó di dandan kí a yí i padà. Afẹ́fẹ́ alágbára ni wọ́n lò tẹ̀ lé e: wọ́n fún un pọ̀ títí dé ìfúnpá tó ju ogún ìlọ́po ti afẹ́fẹ́ lásán lọ, wọ́n sì tú u lu ààkì. Kò ní ewu iná, ó sì yára, ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀ dà bí ìbọn, ẹ̀rọ tó ń fún afẹ́fẹ́ náà pọ̀ sì ń béèrè ìtọ́jú ní gbogbo ìgbà.

Gáàsì SF6, tí Henri Moissan àti Paul Lebeau kọ́kọ́ ṣe ní Faransé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ló yí gbogbo rẹ̀ padà láti nǹkan bí ọdún 1950 síwájú. Mólékù rẹ̀ ń gbá ẹlẹ́ktrọ́ọ̀nù mú, ẹlẹ́ktrọ́ọ̀nù tó bá sì ti lẹ̀ mọ́ ohun tó wúwo bẹ́ẹ̀ kò lè sáré tó láti gbé ààkì dìde mọ́. Ní ìfúnpá kan náà, ó ń dènà iná ní ìlọ́po méjì àbọ̀ sí mẹ́ta ju afẹ́fẹ́ lọ. Kò ní òórùn, kì í jóná, mólékù rẹ̀ tí ààkì tú ká sì ń padà so pọ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tó bá tutù. Ìdí nìyí tí bírékà tí wọ́n ń gbé dúró lórí 132 kV àti 330 kV fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti SF6 tán. Ṣùgbọ́n ìwà kan náà tó mú kó dára nínú yàrá ló mú kó burú níta. Kì í tètè bàjẹ́. Kìlógíráàmù kan rẹ̀ tó bá jò sí ojú ọ̀run yóò mú ayé gbóná láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún bí nǹkan bí 23,500 kìlógíráàmù gáàsì kábọ́nì ṣe máa ń mú un gbóná. Àdéhùn Kyoto ti ọdún 1997 kà á mọ́ gáàsì tó yẹ kí a dín kù, òfin tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní ọdún 2024 sì bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 2026 pé kí wọ́n má ṣe gbé ẹ̀rọ tuntun oní-SF6 dúró mọ́ lórí 24 kV sísàlẹ̀. Èyí tó wà lókè 145 kV ní títí di ọdún 2032.

Òfìfo ni ọ̀nà kẹrin, ó sì yàtọ̀ sí gbogbo èyí tó ṣáájú nítorí pé kò fi ohunkóhun sáàárín ẹnu súwíìṣì. Royal Sorensen àti akẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn ní Caltech, ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1926, pé súwíìṣì inú òfìfo lè gé iná ńlá, àmọ́ ó di nǹkan bí ọdún 1960 kí irin tí gáàsì kò fara pamọ́ sínú rẹ̀ àti ìdérí tí kì í jò tó jẹ́ kó ṣeé tà. Nínú òfìfo, oruku irin ẹnu súwíìṣì fúnra rẹ̀ nìkan ló ń gbé ààkì. Bí ìṣàn bá ti bọ́ sí òdo, irin kò yọ́ mọ́, oruku tó wà nílẹ̀ á sì fò lọ lẹ̀ mọ́ ara ògiri kí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá tó pé. Kò sí súwíìṣì mìíràn tí àyè rẹ̀ ń tètè le bẹ́ẹ̀. Lórí 11 kV, nǹkan bí mìlímítà mẹ́wàá péré ni ẹnu rẹ̀ ń yà, nítorí náà sípíríǹgì kékeré ló ń gbé e, ó sì lè ṣí kó sì padé ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láìní ìtọ́jú púpọ̀.

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, kí ló dé tí òfìfo kò tíì gba orí 330 kV? Nínú afẹ́fẹ́ tàbí gáàsì tí a fún pọ̀, bí a bá sọ àyè di ìlọ́po méjì, agbára ìdènà rẹ̀ ń pọ̀ sí i gan-an. Nínú òfìfo, mìlímítà àkọ́kọ́ lágbára púpọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí a bá fi kún un kò ràn án lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé ojú irin ló ń pinnu ìgbà tí iná yóò fò. Láti dé 330 kV, a ní láti to òfìfo púpọ̀ tẹ̀ léra. Àwọn ilé iṣẹ́ ti ń ta ti 145 kV báyìí, wọ́n sì ń gòkè sí i. Àléébù mìíràn ni pé òfìfo lè gé ìṣàn kékeré kí ó tó dé òdo rárá, èyí sì ń gbé fóltéèjì sókè lára mọ́tò àti tàràǹsífọ́mà tí kò ní lóòdù. Èrò tèmi ni pé lórí 11 kV àti 33 kV, kò sí ìdí tó lágbára mọ́ láti ra bírékà tuntun tó ní SF6 nínú. Lórí 330 kV, a ṣì nílò rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ojúṣe wa sì ni pé kí a máa wọn ìfúnpá rẹ̀ déédéé, kí a fi ẹ̀rọ fa gáàsì rẹ̀ jáde nígbà àtúnṣe, kí ẹnikẹ́ni má kàn ṣí fáàfù rẹ̀ sí afẹ́fẹ́.

Ṣé bírékà nìkan kò tó?

Àtakò tó lágbára jù sí ohun tí mo ń sọ rèé: bí bírékà bá lè gé ohun gbogbo, títí kan ṣọ́ọ̀tì, kí ni a tún fẹ́ fi áísólétọ̀ ṣe? Ṣé kì í ṣe owó tí a ń ṣòfò ni?

Iṣẹ́ méjì ló wà níbẹ̀. Gígé ìṣàn yàtọ̀ sí pípa ẹ̀mí mọ́ lẹ́yìn tí ìṣàn ti já. Ẹnu bírékà wà nínú tánganran tàbí irin, ojú kò rí i. Àmì tó wà lára rẹ̀ lè sọ pé ó ti ṣí nígbà tí ọ̀pá kan ti kán nínú, tí ẹnu rẹ̀ ṣì pàdé lórí ọ̀kan nínú wáyà mẹ́ta tí iná ń gbà. Riléè lè pàṣẹ kó padé láìròtẹ́lẹ̀. Ohun kan tún wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í sábà gbọ́: bírékà fóltéèjì gíga tó ní ẹnu méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tò tẹ̀ léra sábà máa ń ní kapásítọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí fóltéèjì lè pín dọ́gba láàárín wọn. Kapásítọ̀ yìí ń jẹ́ kí iná AC kékeré kọjá nígbà tí bírékà ti ṣí pátápátá. Kékeré ni fún ètò, ṣùgbọ́n kì í ṣe kékeré fún ènìyàn.

Nítorí náà ni ètò iṣẹ́ ṣe rí bó ti rí. Bírékà ló kọ́kọ́ ń ṣí. Ó gba ààkì sára. Áísólétọ̀ tẹ̀ lé e, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bírékà. Kò rí ààkì kankan, àyè ńlá nìkan ló fi sílẹ̀. A óò fi kọ́kọ́rọ́ tì í, a óò fi ohun ìdánwò wò bóyá iná wà, lẹ́yìn náà a óò pa súwíìṣì ẹ́ẹ̀tì dé láti so wáyà mọ́ ilẹ̀. Súwíìṣì ẹ́ẹ̀tì kì í ṣe àṣejù. Wáyà 330 kV tó ti ṣí ní òpin méjèèjì, tó sì wà lórí òpó kan náà pẹ̀lú èyí tó ń ṣiṣẹ́, yóò gba iná láti ara ẹnìkejì rẹ̀ láìsí ohun tó so wọ́n pọ̀, ó sì lè pa ènìyàn. Nígbà tí a bá fẹ́ dá iná padà, òdìkejì ètò yìí ni: ẹ́ẹ̀tì ń ṣí, áísólétọ̀ ń padé, bírékà ló ń kẹ́yìn. Ìdènà onírin àti ìdènà oníná ni a fi so wọ́n mọ́ra kí ọwọ́ ènìyàn má lè yí ètò náà po: áísólétọ̀ kò ní gbọ́ àṣẹ bí bírékà bá ṣì padé, àyàfi nígbà tí à ń gbé lóòdù láti bọ́ọ̀sìbáà kan sí èkejì.

Àwọn tó ń ṣàtakò kò dúró síbẹ̀. Wọ́n ní, nígbà tí bírékà epo àti ti afẹ́fẹ́ ń béèrè ìtọ́jú lemọ́lemọ́, ó yẹ kí áísólétọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì kí a lè tún bírékà ṣe. Ní báyìí tí bírékà SF6 ń lo ọ̀pọ̀ ọdún láìjẹ́ pé a ṣí i, áísólétọ̀ tó wà nínú òjò àti eruku gan-an ló ń béèrè ìtọ́jú jù. Òótọ́ ni, mi ò sì ní jiyàn rẹ̀. Ìrònú yìí ló bí ẹ̀rọ tó da méjèèjì pọ̀, bírékà tó tún jẹ́ áísólétọ̀ nígbà tó bá ṣí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní nǹkan bí ọdún 2000, IEC sì kọ òfin tirẹ̀, 62271-108, ní ọdún 2005. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí òfin náà béèrè: àyè inú ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ kọjá ìdánwò áísólétọ̀, kódà lẹ́yìn tí ẹnu rẹ̀ ti jẹ nínú gígé iná, kọ́kọ́rọ́ sì gbọ́dọ̀ lè tì í ní ipò ṣíṣí. Ẹ̀rọ kan ló ń ṣe é, iṣẹ́ méjì ló ṣì jẹ́, ìdánwò méjì ló sì ń kọjá. Bákan náà ni ní ibùdó tí wọ́n ti fi irin àti gáàsì bo ohun gbogbo: ojú kò rí àyè áísólétọ̀ mọ́, nítorí náà wọ́n ṣe fèrèsé kékeré síbẹ̀, tàbí kí àmì rẹ̀ so mọ́ ẹnu súwíìṣì fúnra rẹ̀ tààrà, wọ́n sì gbára lé súwíìṣì ẹ́ẹ̀tì jù ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Lórí 33 kV àti 11 kV

Bí a bá sọ̀ kalẹ̀ dé ibi tí iná ti ń pín sí àdúgbò, owó ń sọ̀rọ̀. A kò lè gbé bírékà sí ẹnu gbogbo tàràǹsífọ́mà 11 kV tó wà ní ìgboro. Súwíìṣì lóòdù ló wà láàárín: ó lè gé ìṣàn ojoojúmọ́, bíi 630 áńpíà, ó sì lè padé lójú ṣọ́ọ̀tì láìfọ́, ṣùgbọ́n kò lè gé ṣọ́ọ̀tì. Fíùsì ni a fi kún un. Fíùsì alágbára jẹ́ wáyà fàdákà tín-ín-rín nínú yanrìn. Bí ṣọ́ọ̀tì bá dé, fàdákà á yọ́, yanrìn á fa ooru ààkì mu, ìṣàn á sì kú kí ó tó dé góńgó rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní ti yíyára, bírékà kankan kò bá a dọ́gba. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀kan ló ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ sì ni ewu ti ń wọlé. Ẹni tó bá fi wáyà kọ́pà lásán dípò fíùsì tó jóná ti gba ohun kan ṣoṣo tó lè gé ṣọ́ọ̀tì kúrò lójú ọ̀nà. Tàràǹsífọ́mà yóò gba gbogbo rẹ̀ sára títí bírékà tó jìnnà réré yóò fi ṣí, bó bá tilẹ̀ rí i. Àwọn áísólétọ̀ olọ́wọ́ gígùn tí wọ́n gbé sórí òpó 11 kV náà ní ewu tiwọn: ojú ń rí wọn bíi súwíìṣì lásán, ó sì rọrùn láti fà wọ́n sílẹ̀ lórí lóòdù. Bí ìwo ààkì, irin tó ń gba ààkì kúrò lẹ́nu súwíìṣì, kò bá sí lórí wọn, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fà wọ́n láìkọ́kọ́ jẹ́ kí bírékà fídà, èyí tó wà ní orísun wáyà náà, ṣí.

Iná tí kì í bọ́ sí òdo

Bí ohun tí a ti ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ bá jẹ́ òótọ́, pé òdo AC ni gbogbo bírékà gbé ara lé, iná DC alágbára gíga gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi tí bírékà ti kùnà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló sì rí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, èyí tó pọ̀ jù nínú wáyà DC ńlá ayé kò ju láti ojú kan sí ojú kejì lọ, nítorí pé kò sí bírékà tí yóò gé ẹ̀ka kan kúrò nínú ètò DC tó lọ́nà púpọ̀. Ní ọdún 2012, ilé iṣẹ́ ABB fi ẹ̀rọ kan hàn tó da nǹkan pọ̀: ní ọjọ́ lásán, ìṣàn ń gba áísólétọ̀ kan tó yára púpọ̀ kọjá; bí ìjàǹbá bá dé, ẹ̀rọ ẹlẹ́ktrọ́níìkì á ti ìṣàn náà kúrò lọ́nà yẹn bọ́ sí òmíràn tó kún fún ẹ̀rọ bí-irin-bí-adènà (semiconductor), áísólétọ̀ á ṣí nígbà tí kò sí ìṣàn nínú rẹ̀ mọ́, ẹ̀rọ ẹlẹ́ktrọ́níìkì náà á sì gé ìṣàn láàárín ìdá márùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Ilẹ̀ Ṣáínà ti ń lo ẹ̀rọ irú èyí ní Zhoushan lórí 200 kV, àti ní Zhangbei lórí 500 kV.

Ẹni tó bá yẹ àwòrán ẹ̀rọ ABB yìí wò yóò rí i pé áísólétọ̀ inú rẹ̀ kò gé ìṣàn kankan. Yóò sì rí súwíìṣì mìíràn lẹ́nu ọ̀nà, tó ń ṣí lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti parí, láti gé ìwọ̀nba ìṣàn tó ṣẹ́ kù, kó sì ya wáyà tó ní ìjàǹbá sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó ń ṣiṣẹ́.